Ọwọ́ Bàbá Lórí Bánà

Limerick, Ireland,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, mo gbọ́ pé ó ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ ní Ìlaró. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́, àbí ẹ ti gbé e fún Màmá Dinah gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín? Ara èmi le. Òtútù ti dínkù, ilẹ̀ kì í tètè ṣú mọ́ níbí, èèyàn kì í mọ ìgbà tó yẹ kóun sùn.

Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí n máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ ní ohùn kì í dúró kí èèyàn rí i kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáa, mo kọ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé Sàlímọ́tù tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yóò ti kà á tán kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín, nítorí náà mo kí òun náà. Sàlímọ́tù, ẹ kú iṣẹ́ o.

Màmá, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹgbẹ́ akọrin ti parí. Ọjọ́ tí ẹ sọ fún mi pé ìgbìmọ̀ ìjọ ti pinnu pé bí àga akọrin kò bá kún nígbà àjọ̀dún oṣù kọkànlá, àwọn yóò tú ẹgbẹ́ náà ká kí Bánjí àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tó ń ta gìtá gba ibẹ̀, inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ẹgbẹ́ tí Dádì fi gbogbo ayé wọn tọ́ dàgbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, àwọn akọrin ti fọ́n ká, òmíràn wà ní Ọjà-Ọ̀dàn, òmíràn ní Èkó, òmíràn ní Kútọnu. Mo ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ó ti pè wọ́n wálé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe bánà rẹ̀. Bánà ni àwòrán gbọọrọ tó máa ń wà lókè pátápátá, òun ni ojú èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Mo mú fótò Dádì méjì láti ìgbà ìkórè ọdún 2011, nínú àwọn tí ẹ fún mi kí n tó rìnrìn àjò. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lókè. Nínú èkejì, ó wà nísàlẹ̀. Mo kó wọn sínú sọ́fíwià tí mo fi ń tún àwòrán ṣe, mo gé Dádì kúrò lára ògiri àti àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn wọn. Mo rọra tọ etí ẹ̀wù akọrin wọn bí aránṣọ ṣe ń tọ ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo fi fótò àga akọrin tó ṣófo sẹ́yìn wọn, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé à ń retí òun. Lẹ́yìn náà mo to àwòrán méjèèjì léra, mo sọ fún ẹ̀rọ pé kó fi ti àkọ́kọ́ hàn díẹ̀, kó gbé e kúrò, kó fi èkejì hàn, kó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Àwòrán méjì péré ni, ṣùgbọ́n ojú a máa tan èèyàn jẹ. Ṣe ni Dádì ń gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n ń gbé e wálẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń darí orin. Nígbà tó kọ́kọ́ mira, mo dìde lórí àga. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Sàlímọ́tù bá yín fi í han ìgbìmọ̀ ìjọ. Kí Bàbá Ìjọ Micah fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹgbẹ́ wa kò tíì kú.

Ọmọ yín,
Olúwadámilọ́lá.


Ìlaró,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Dámilọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, Àṣìkẹ́. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le. Orúnkún ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi. Màmá Dinah ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, oògùn náà bá òun lára mu.

Iṣẹ́ rẹ dára, ẹni tó bá ní kò dára kò lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ ìjọ dúró. Sàlímọ́tù gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó borí, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ọmọlúàbí. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gbé orin sára ògiri. Èmi ti múra tán láti yangàn, ìró tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Bàbá Ìjọ wọ gíláàsì. Bàbá yín yọ lára ògiri, wọ́n tóbi ju bí wọ́n ṣe tóbi nígbà ayé wọn lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pe èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń pe èèyàn. Ìwọ fara balẹ̀ wo ọwọ́ náà. Àtẹ́lẹwọ́ wo ilẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Báwo la ṣe ń fi ọwọ́ pe ọmọ nílé wa, Dámilọ́lá? Báwo ni mo ṣe máa ń pè ọ́ láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí o bá ń ṣeré lójúde? Ṣé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi gbàgbé? Òkú dúró síwájú àga tó ṣófo, ó ń fi ọwọ́ pe alààyè pé kó wá jókòó, kò sì sinmi.

Màmá Dinah ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ní, "Cornelius, mi ò bá ọ lọ o. Ọmọ-ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ mi." Ó mú báàgì, ó jáde. Bàbá Ìjọ ní kí wọ́n pa á. Sàlímọ́tù ń wá ibi tí yóò tẹ̀, bàbá yín sì ń pè ní gbogbo ìgbà tó ń wá a. Ilẹ̀ ni Bánjí ń wò, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tí a ń kọ́ orin, Purity ọmọ poly nìkan ló wá, ẹ̀bá ilẹ̀kùn lòun náà jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ibà gbé Dèjì tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ dùbúlẹ̀. Kí ló tún kù? Wọ́n ní ọ̀gá akọrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín gun ọ̀kadà wá láti Ìdògò. Kò gba omi lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó jẹ́ kí àbúrò mi sinmi."

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé Kristẹni ni wá. Ta ló ní a kì í ṣe Kristẹni? Bí òkú bá pe èèyàn, a kì í jẹ́ ẹ. Ìyẹn ti wà lára wa kí mísọ́nnárì tó dé.

Yọ ọ́. Fi òdòdó síbẹ̀, fi àgbélébùú síbẹ̀, fi ohunkóhun tí kì í mira. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Fọláṣadé.


Limerick, Ireland,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì ti tún un kà. Mi ò ní yọ ọ́.

Òótọ́ ni pé mo gbàgbé bí a ṣe ń fi ọwọ́ pèèyàn nílé. Níbí, àtẹ́lẹwọ́ tó bá kọjú sókè ni wọ́n fi ń pèèyàn; bí èèyàn bá ṣe é bíi ti Dádì yẹn, wọn yóò rò pé ó ń sọ fún àwọn pé kí wọ́n rọra ni. Mo gbà pé mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí ìyẹn ni kí n wá pa bàbá mi rẹ́?

Fótò Dádì wà lára ògiri pálọ̀ yín. Wọ́n ń wò yín bí ẹ ṣe ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé òkú ń wo ẹnu yín. Ṣé fótò tó bá dákẹ́ ló jẹ́ ìrántí, èyí tó bá mira ló wá di iwin? Ibà ló ṣe Dèjì. Ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, kì í ṣe Dádì.

Ẹ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe láǹfààní. Bánjí ni. Àga akọrin ló ń wá, ẹ̀yin sì ń bá a tún un nù. Bàbá Ìjọ Micah náà kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ wa rí. Nígbà tí Dádì wà láàyè, bó bá sọ̀rọ̀, Dádì a dá a lóhùn. Báyìí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn mọ́. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù rẹ̀, Màmá. Ẹ máa bínú, ṣùgbọ́n ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ rántí bí mo ṣe sin bàbá mi. Inú yàrá ni mo dúró sí, mo gbé fóònù dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbé pósí wálẹ̀ ló dúró gbagidi. Nígbà tó máa padà, èèpẹ̀ ni mo rí. Bàbá tó dúró lójú kan ni mo ní látọjọ́ yẹn. Ọwọ́ tó ń mira yìí, èmi ni mo mú un mira, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ tún wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi dá a dúró.

Mi ò ṣe é. Kí ìjọ tó ń bẹ̀rù fótò lọ gbàdúrà sí i.

Ọmọ yín,
Olúwadámilọ́lá.


Limerick, Ireland,
Ọjọ́ ogún, oṣù keje, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àlàáfíà ni? Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé, ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù yín, ẹ gbé e, ẹ ní ara yín le, ẹ sì pa á. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi le. Bí ọmọ bá bú ìyá, ìyá náà kúkú ní ẹnu. Ẹ bú mi padà.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo bi Sàlímọ́tù, ó ní òun ti fún yín ní lẹ́tà náà. Ó ní ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ẹ ní kóun ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, ẹ sì jókòó ti bánà náà títí àwọn oníbàárà fi wá tí wọ́n lọ. Ẹ dìde, ẹ ò kí òun. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún padà wá. Nígbà tí mo bi í pé kí ni ẹ sọ, ó ní, "Bi Màmá rẹ."

Mò ń bi yín. Mi ò tíì yọ ọ́, ọ̀rọ̀ mi kò sì tíì yí padà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín,
Olúwadámilọ́lá.


Ìlaró,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Dámilọ́lá,

Mo gba lẹ́tà rẹ méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ bí mi nínú. Bí mo bá fèsì lọ́jọ́ náà, ohun tí ìyá kì í sọ sí ọmọ ni ǹ bá sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi pa ẹnu mọ́.

O ní mò ń bẹ̀rù Micah. Ìwọ wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Èmi ni mò ń lọ sí ọjà tí àwọn tó máa ń sáré kí mi tẹ́lẹ̀ ń tẹjú mọ́ tòmátì bí ẹni pé tòmátì ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń jókòó lórí bẹ́ńṣì tí kò sẹ́ni tó ń jókòó tì mí. Ilé tó bá ń jò, ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ ni kó sọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Má tún sọ bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàlímọ́tù nítorí kí n lè bá ọ jiyàn ni. Mo fẹ́ wò ó dáadáa, kí n lè kọ ọ́ sí ọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ rẹ ṣe burú tó. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí fún ọ.

Fótò tí ọwọ́ wà lókè yẹn, orin ni wọ́n ń darí nínú rẹ̀. Èkejì kì í ṣe orin. Èmi ni bàbá yín ń pè. A ti bá ara wa jà nílé láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè yẹn, lórí ọ̀rọ̀ kan tí n kò tilẹ̀ rántí mọ́. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ̀, mi ò bá wọn lọ sáàárín àwọn akọrin. Mo dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì mi. Gbogbo ìjọ ti dìde, dùùrù ti bẹ̀rẹ̀, akọrin ń dúró de ọwọ́ ọ̀gá wọn. Bàbá yín yí ojú kúrò lára àwọn akọrin, wọ́n wò mí, wọ́n sì na ọwọ́, wọ́n fi pè mí lójú gbogbo èèyàn. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ orin títí mo fi dé àyè mi. Ìgbà yẹn ni onífótò yà á.

Nítorí náà, Màmá Dinah kò ṣìnà. Ohun tó wà níbẹ̀ ló rí. Ìwọ kò mọ̀, o gbé e síwájú gbogbo ayé.

Mo jókòó, wọ́n pè mí. Mo ń wò ó, wọ́n tún pè mí. Dámilọ́lá, mo fẹ́ lọ. N kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ní Ìlaró, ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Níbẹ̀, lórí àga, kò bà mí lẹ́rù rárá. Ọkàn mi balẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ti di ẹrù tán tó ń dúró de mọ́tò. Ìgbà tí mo délé tí mo rí i pé n kò dáná, tí n kò sì fẹ́ dáná, ni ẹ̀rù wá bà mí. Síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi tún gbé mi lọ. Sàlímọ́tù ló pa kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Màmá, ó ti tó." Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sìn mí délé, ó se ẹ̀bà, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́.

Ṣé o rí i báyìí? Kì í ṣe Micah ni mò ń bẹ̀rù, ara mi ni. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ń ṣọ̀fọ̀, mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ni gbogbo ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ń wo bàbá tó ń darí orin. Èmi ń wo ọkọ tó ń pè mí. Yọ ọ́ kí n lè jókòó sílé ayé.

Sàlímọ́tù búra pé bí òun bá ń ya lẹ́tà yìí láti fi ránṣẹ́ sí ọ, òun kò ní kà á. Bó bá kà á, kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò rí.

Ìyá rẹ,
Fọláṣadé.


Limerick, Ireland,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Màmá mi,

Mo ti yọ ọ́. N kò tíì ka lẹ́tà yín parí tí mo ti yọ ọ́. Àga ló kù lórí bánà báyìí, kò sí ohun tó ń mira níbẹ̀.

Ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ìjọ ni mò ń bá jà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọwọ́ náà ń bà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sùn. Ẹ jẹ́ kí Màmá Dinah wá bá yín gbé fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo bá Sàlímọ́tù sọ̀rọ̀, mo sunkún sí i létí, ó ní òun ń yọjú sí yín.

Mo ronú sí i pé mo lè tún un ṣe. Mo lè wá fótò ọkùnrin mìíràn tó ń darí orin, kí n gé apá rẹ̀ níbi tó ti nà án sọ́tùn-ún àti sósì, kí n so ó mọ́ Dádì lára, kí ó lè hàn gbangba pé orin ni wọ́n ń darí, pé wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fara balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fẹ́, kí a jáwọ́. Kí Bánjí gba àga náà. Àga ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde ní oṣù tó kọjá. Mo lè kọ̀wé pè yín wá síbí, kí ẹ wá sinmi, kí n máa rí yín. Ẹ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, Màmá.

Ọmọ yín,
Olúwadámilọ́lá.


Ìlaró,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Àṣìkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́. Ọjọ́ tí o yọ ọ́ ni mo sùn.

Má so apá ọkùnrin kankan mọ́ ọkọ mi lára. Ìyẹn la kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí. Bàbá yín ti darí tiwọn, wọ́n darí rẹ̀ dáadáa, jẹ́ kí wọ́n lọ pẹ̀lú apá tí Ọlọ́run fún wọn.

O ní kí n jáwọ́. Ta ni kó jáwọ́? Ìgbìmọ̀ ìjọ tún pàdé. Bàbá Ìjọ dìde, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè pe akọrin jọ mọ́, kí a má dúró de oṣù kọkànlá, kí a fa àga lé Bánjí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo wọn ń mi orí. Dámilọ́lá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dìde. Mo ní, "Ẹni tó máa pè wọ́n wà. Èmi ni."

Ó ní, "Màmá Dámilọ́lá, obìnrin ò darí akọrin rí nínú ìjọ yìí."

Mo ní, "Àwọn ọkùnrin tó yẹ kó darí wọn dà? Ẹ pè wọ́n jáde kí n rí wọn."

Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Mo ní bí a ṣe bá a kọ́ ni gìtá Bánjí náà. Mo ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe tíṣà ni mo fi kọ́ ọmọ ìlú yìí ní orin, ọmọ tiẹ̀ wà lára wọn, dò àti mí kò sì yàtọ̀ sí ara wọn létí ọmọ náà títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà. Bánjí bú sẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí òun náà, mo ní, "Ìwọ, bó o bá lè dúró lójú ìlà orin kan ṣoṣo, wá máa ta dùùrù fún wa." Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ. Bàbá Ìjọ ní òun yóò kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó kọ ọ́, kó sì kọ orúkọ mi pé, kó má gé e kúrú.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé Màmá Dinah lọ. Mo sọ fún un pé ohun tó rí lára ògiri, òótọ́ ni, Cornelius ń pe èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè, èmi ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa lọ?" Mo ní rárá, mo ní iṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé orin rẹ̀ jáde, ó gbọn eruku orí rẹ̀ nù. Ó ní òun ò tún mọ bóun ṣe máa sọ fún àwọn ọmọ òun pé òun ti padà sẹ́gbẹ́ akọrin.

A kọ́ orin ní Ọjọ́rú. Màmá Dinah wá, Purity wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dèjì tí wọ́n ní Cornelius ti mú lọ wá lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ebi sì ń pa á. Ohùn wa kò tíì bá ara mu. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo kíyè sí i pé wọ́n ń wò ó bóyá màá gbé e wálẹ̀. Mo gbé e wálẹ̀, wọ́n sì kọrin.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ẹ̀wù akọrin tèmi, kì í ṣe ti bàbá yín, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàlímọ́tù. Ó fi aṣọ funfun bo ògiri lẹ́yìn mi, ó ní yóò rọrùn fún ọ láti gé mi yọ. Kì í ṣe méjì ló yà. Mo ní bánà rẹ ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ kàn ń fò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, bí ẹni tí iná mú. Kó ya èyí tó wà láàárín náà, ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, kó lè máa lọ jẹ́ẹ́. Ó ya mí títí apá fi ń ro mí. Ó ti kó wọn ránṣẹ́ sí ọ. O máa rí i pé àtẹ́lẹwọ́ mi wo ilẹ̀. Má yí i padà. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì fẹ́ kí ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀.

Yọ àga tó ṣófo yẹn. Sàlímọ́tù tún ya àwa tí a wá ní Ọjọ́rú, fi wá sẹ́yìn mi bí a ṣe rí. A kò pọ̀, Màmá Dinah sì ń wo ẹ̀gbẹ́. Fi wá síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò lè kọrin lábẹ́ ọwọ́ obìnrin, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gbòòrò, kó gba ibi tó bá wù ú. Èmi ò tíì kú. Bí mo bá pe èèyàn, kò sí èèwọ̀ nínú kí wọ́n jẹ́ mi.

O pè mí wá sọ́dọ̀ rẹ. Mo gbọ́, o ṣeun. N kò wá. Mo ní ẹgbẹ́ tí mò ń darí. Àti pé ìwọ gan-an, o ti gba ìwé ìgbélùú, kò sí ohun tó tún dè ọ́ mọ́lẹ̀ bíi ti ìgbà tí a sin bàbá rẹ. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, oṣù kọkànlá, ni àjọ̀dún wa. Àyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Dinah, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Nígbà tí o bá to àwọn àwòrán náà tán, tí ọwọ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í mira lójú rẹ, má rò pé àwọn ará Èkó àti Kútọnu ni mò ń pè. Wọ́n lè wá, wọ́n lè má wá. Ìwọ ni mò ń pè, Dámilọ́lá, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ orin títí wàá fi dé àyè rẹ.

Ìyá rẹ,
Fọláṣadé,
ọ̀gá akọrin.